Bí A Ṣe Ń Dá Bọ́tìnnì Aṣọ Ológun Àtijọ́ Mọ̀ Nígbà Tí Ó Bá Jáde Láti Inú Ilẹ̀

Nínú àwọn oko tí mo ti ń fi ẹ̀rọ awárin wá nǹkan ní agbègbè Kent, ní gúúsù ìlà oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bọ́tìnnì ni mo máa ń rí ju owó ẹyọ lọ. Púpọ̀ nínú wọn kò ní àmì kankan lójú, àwọn wọ̀nyẹn kò sì ní ohun púpọ̀ láti sọ fún wa. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan á yọ lábẹ́ ṣọ́bìrì tí adé, ìdákọ̀ró, nọ́mbà tàbí àgbá ogun wà lójú rẹ̀, ẹni tí ó rí i yóò sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ara aṣọ ẹni tí ó sin ìjọba ni ó ti já bọ́. Irú èyí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo sì fi ṣe àpẹẹrẹ nítorí pé òun ni mo mọ̀ jù. Bọ́tìnnì ológun dà bí ìwé pélébé tí a kọ nǹkan sí lójú méjèèjì: ojú rẹ̀ ń sọ ẹni tí ó wọ̀ ọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ń sọ ẹni tí ó ṣe é àti ìgbà tí ó ṣeé ṣe kí ó ti ṣe é. Ẹni tí ó bá ka ojú nìkan lè fi ọgọ́rùn-ún ọdún ṣìnà.

Kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ilẹ̀, ó sì dára kí àṣẹ náà wà ní àkọsílẹ̀. Òfin ọdún 1979 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti lo ẹ̀rọ awárin ní ibi ìṣẹ̀ǹbáyé tí ìjọba ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé ó wà lábẹ́ ààbò, àfi bí ó bá ti gba ìwé àṣẹ. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo kì í sábà bọ́ sábẹ́ òfin ọdún 1996 tí wọ́n ń pè ní Treasure Act, ìyẹn òfin ìṣúra tí a bá rí nínú ilẹ̀, síbẹ̀ mo máa ń rọ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n fi han òṣìṣẹ́ Portable Antiquities Scheme tí ó wà ní agbègbè wọn, nítorí pé láti ọdún 1997 ni ètò yìí ti ń ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí àwọn ará ìlú bá rí nínú ilẹ̀. Ní Scotland, òfin tiwọn yàtọ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ jábọ̀ ohun àtijọ́ tí ẹ bá rí. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ní Nàìjíríà, ẹ rántí pé òfin ọdún 1979 tí ó dá àjọ National Commission for Museums and Monuments sílẹ̀ kò fàyè gba kí ènìyàn kàn máa gbẹ́ ilẹ̀ wá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láìgba ìwé àṣẹ. Inú àpótí àwọn bàbá yín àgbà ni kí ẹ ti wá bọ́tìnnì, ohun tí mo sì fẹ́ sọ yìí yóò wúlò fún yín níbẹ̀ bákan náà.

Bí ohun tí ẹ̀rọ fi hàn bá jọ ọta àgbá tàbí bọ́ǹbù, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì pe ọlọ́pàá.

Bí ó bá jẹ́ bọ́tìnnì ni, ẹ kọ ibi tí ó ti jáde sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Fóònù lè sọ ibi tí ẹ dúró sí gan-an. Ẹ kọ bí ó ṣe jìn tó nínú ilẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun mìíràn tí ó bá a jáde. Bọ́tìnnì tí a kò mọ ibi tí ó ti wá ti pàdánù ìdajì ìtàn rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ má kánjú fọ̀ ọ́

Nílé wa, eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni ìyá mi fi máa ń nu idẹ títí yóò fi máa kọ mànà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni mo ṣe sí bọ́tìnnì gidi àkọ́kọ́ tí mo rí. Ó dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi bo ojú rẹ̀ bá omi lọ, àwọn lẹ́tà tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì parẹ́ débi pé kìkì LONDON ni mo lè kà nínú wọn. Títí di òní, n kò mọ ẹni tí ó ṣe bọ́tìnnì náà, ó sì ń dùn mí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ gbẹ díẹ̀díẹ̀ nínú ilé, kúrò lójú oòrùn àti kúrò nídìí iná. Lẹ́yìn náà, ẹ fi igi ìtayín yọ erùpẹ̀ kúrò lójú rẹ̀, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a. Bí ó bá jẹ́ idẹ tí ara rẹ̀ ṣì le, ẹ lè rẹ ẹ́ sínú omi tí a ti yọ iyọ̀ àti ìdọ̀tí inú rẹ̀ kúrò, irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń dà sínú bátìrì ọkọ̀. Ẹ má fi ọtí kíkan, ọsàn, iyanrìn tàbí búrọ́ọ̀ṣì onírin kàn án rárá. Bí ẹ bá rí i pé egungun tàbí igi ni wọ́n fi ṣe ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ má rẹ ẹ́ sínú omi, nítorí pé yóò wú, ojú rẹ̀ onírin yóò sì ṣí kúrò.

Bí àmì ojú rẹ̀ kò bá hàn dáadáa, ìmọ́lẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú, kì í ṣe ọṣẹ. Ẹ wọ inú yàrá tí ó ṣókùnkùn, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tàn án láti ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ náà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kọjá lójú bọ́tìnnì, kí ẹ sì máa yí i díẹ̀díẹ̀. Nọ́mbà tí ẹ kò rí lójú oòrùn lè jáde kedere nínú òjìji bẹ́ẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ìwọ̀n rẹ̀ àti irin tí wọ́n fi ṣe é

Ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà. Bọ́tìnnì àyà kóòtù sábà máa ń fẹ̀ tó mìlímítà 20 sí 25, nígbà tí ti ọwọ́ aṣọ tàbí ti fìlà kì í sábà ju nǹkan bí 17 lọ. Nítorí náà, kékeré àti ńlá lè jẹ́ ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan náà.

Àwọ̀ irin rẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì jù. Títí di ọdún 1855, píútà ni bọ́tìnnì àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kì í ṣe ọ̀gá, ìyẹn irin eléérú rírọ̀ tí wọ́n fi tánganran àti òjé yọ́ pọ̀. Lẹ́yìn ọdún yẹn ni tiwọn di idẹ. Àwọn ọ̀gá ológun kò wọ píútà. Wúrà tàbí fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bo tiwọn. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, wọ́n máa ń tẹ pátákó irin fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ lé orí egungun, wọ́n á sì fi ìfun ẹran ṣe ohun tí wọn yóò fi rán an mọ́ aṣọ. Láti ọdún 1830, wúrà ni a yàn fún àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ogun gidi, fàdákà sì ni ti àwọn ọ̀gá mìlíṣíà, ìyẹn ọmọ ogun agbègbè tí kì í ṣe ológun ìgbà gbogbo, nítorí náà bọ́tìnnì funfun tí ó jẹ́ ti ọ̀gá lẹ́yìn ọdún yẹn máa ń jẹ́ kí n kọ́kọ́ ronú sí mìlíṣíà tàbí àwọn ológun olùyọ̀ǹda ara ẹni. Bí bọ́tìnnì bá fúyẹ́ bí ewé, tí ó sì ń dán yọ̀yọ̀ bí ẹni pé àná ni wọ́n ṣe é, alumíníọ́mù tí wọ́n ti ń lò láti nǹkan bí ọdún 1950 síwájú ni.

Ẹ fi irin òòfà kàn án pẹ̀lú. Idẹ, píútà àti fàdákà kì í lẹ̀ mọ́ òòfà. Bí ó bá fà, ó lè jẹ́ pé ìkọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi irin ṣe, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe sí píútà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í dé ibí yìí, ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìdáhùn sì wà. Ẹ kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe tò ó pọ̀. Bọ́tìnnì tí ó pẹlẹbẹ, tí ó jẹ́ ẹyọ irin kan ṣoṣo pẹ̀lú ìkọ́ tí wọ́n jó mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, sábà máa ń dàgbà ju èyí tí ojú rẹ̀ wú síta, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ irin ọ̀tọ̀ tí wọ́n fi etí ojú rẹ̀ ká mọ́ra. Ọdún 1813 ni Benjamin Sanders gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú bọ́tìnnì alápá méjì bẹ́ẹ̀ ní Birmingham, ìlú tí iṣẹ́ bọ́tìnnì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fìdí kalẹ̀ sí. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n ká etí rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má sọ pé ti ogun Amẹ́ríkà ọdún 1776 ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ yí ìkọ́ náà ká. Ẹ lo awò tí ń mú nǹkan tóbi. Ohun méjì ni ó máa ń wà níbẹ̀, ẹ má sì dà wọ́n pọ̀. Èkíní ni ọ̀rọ̀ ìyìn ọjà, bí TREBLE GILT, RICH COLOUR, STANDARD tàbí SUPERFINE. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń polówó wúrà àti àwọ̀ tí ó wà lára bọ́tìnnì ni, ó sì wọ́pọ̀ lẹ́yìn bọ́tìnnì pẹlẹbẹ tí ojú rẹ̀ kò ní nǹkan kan. Ẹnìkan fi irú rẹ̀ hàn mí rí tí ó gbàgbọ́ pé Standard ni orúkọ rẹ́jímẹ́ntì náà, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí ó wọ̀ ọ́.

Èkejì ni orúkọ ẹni tí ó ṣe é. Firmin ti Lọ́ńdọ̀nù ti wà láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, orúkọ rẹ̀ sì yí padà nígbà púpọ̀ bí àwọn ọmọ àti alábàáṣiṣẹ́ ṣe ń wọlé. Ẹ ó tún máa rí Jennens & Co, Hammond Turner & Sons, Smith & Wright, J.R. Gaunt & Son àti Buttons Ltd. Ẹ da orúkọ náà kọ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà gan-an, pẹ̀lú & Co, & Son tàbí & Sons, àti orúkọ òpópónà bí ó bá wà, nítorí pé ìyípadà kékeré nínú rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fi ń mọ ọdún. Bí ẹ bá rí Ltd tàbí Limited, kò lè ṣáájú ọdún 1855 tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ fàyè gba irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ Scovill tàbí Waterbury ni ẹ kà, Connecticut ní Amẹ́ríkà ni ó ti wá, ẹ sì ní láti wo ojú rẹ̀ bóyá idì, ẹyẹ tí ó jẹ́ àmì Amẹ́ríkà, wà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ojú bọ́tìnnì

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí adé bí ó bá ní adé. Adé ìgbà Ọbabìnrin Victoria, ẹni tí ó jọba láti 1837 sí 1901, máa ń tẹ́ lókè, apá rẹ̀ méjèèjì sì máa ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti 1901 títí ikú Ọba George kẹfà ní 1952, adé náà yípo lókè bí igbá tí a da ojú rẹ̀ dé, kò sì sí ibi tí ó ti tẹ̀ wọnú. Láti 1953 tí wọ́n dé Ọbabìnrin Elizabeth kejì ládé, àárín òkè adé náà wá tẹ̀ wọlé, èjìká rẹ̀ méjèèjì sì ga. Ọba Charles kẹta tún padà sí èyí tí ó yípo ní 2022, nítorí náà irin àti ẹ̀yìn bọ́tìnnì ni yóò ya ti òní sọ́tọ̀ kúrò lára ti 1914. Adé àwọn ọba tí ó ṣáájú Victoria kò ní àwòrán kan pàtó tí gbogbo àwọn aṣebọ́tìnnì ń tẹ̀ lé, ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé e.

Bí ó bá jẹ́ àmì ọba lódidi ni, ẹ ó rí kìnnìún ní apá òsì yín àti ẹṣin oníwo kan ní apá ọ̀tún, wọ́n di asà mú láàárín. Inú asà náà ni kí ẹ wò. Títí di ìparí ọdún 1800, òdòdó lílì ti Faransé wà nínú rẹ̀, nítorí pé àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń pe ara wọn ní ọba Faransé. Láti 1801 sí 1837, asà kékeré kan wà láàárín asà ńlá, èyí tí ó dúró fún Hanover ní ilẹ̀ Jámánì. Lẹ́yìn tí Victoria gorí oyè, asà kékeré náà kúrò. Ní 1871, wọ́n pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ tí kì í ṣe ọ̀gá máa wọ bọ́tìnnì alámì ọba yìí dípò ti rẹ́jímẹ́ntì wọn. Òun ni ó pọ̀ jù nínú gbogbo bọ́tìnnì ológun tí ilẹ̀ ń pọ̀ síta ní Gẹ̀ẹ́sì, ojú rẹ̀ kò sì lè sọ orúkọ rẹ́jímẹ́ntì kankan fún yín, bó ti wù kí ẹ wò ó tó.

Nọ́mbà ni ó máa ń mú inú mi dùn jù. Ọdún 1767 ni àṣẹ jáde pé kí nọ́mbà rẹ́jímẹ́ntì máa wà lára bọ́tìnnì, ó sì wà bẹ́ẹ̀ lára ti àwọn ọmọ ogun lásán títí di 1871. Ní 1881, ìjọba pa àwọn nọ́mbà náà tì, ó so rẹ́jímẹ́ntì méjì méjì pọ̀, ó sì fi orúkọ agbègbè pè wọ́n. Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀gá ti ń wọ àmì rẹ́jímẹ́ntì tuntun wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, nítorí pé àwọn ọmọ ogun Faransé ìgbà Napoleon náà wọ bọ́tìnnì oní-nọ́mbà, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ nínú wọn sẹ́wọ̀n sínú àwọn ọkọ̀ ojú omi ògbólógbòó lórí odò Medway, létí Chatham, ní Kent yìí kan náà.

Ìdákọ̀ró tí okùn yí mọ́ lára jẹ́ àmì àwọn ológun ojú omi. Ní 1812 ni wọ́n fi adé lé orí ìdákọ̀ró náà, èyí tí kò bá sì ní adé lè ṣáájú ọdún yẹn. Mo ní ó lè, nítorí pé àwọn ọkọ̀ oníṣòwò àti ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ afẹ́ náà máa ń lo ìdákọ̀ró. Àgbá mẹ́ta tí ó wà lórí ara wọn pẹ̀lú ọta mẹ́ta lókè jẹ́ ti Board of Ordnance, èyí tí àwọn oníbọn ńlá wà lábẹ́ rẹ̀. Àgbá kan ṣoṣo lórí kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú adé lókè jẹ́ ti àwọn oníbọn ńlá ìgbà tí ó tẹ̀ lé e. Ayé roboto láàárín ewé jẹ́ ti àwọn Royal Marines, àwọn ọmọ ogun tí ń bá ọkọ̀ ogun ojú omi lọ jà, láti 1827. Idì tí ó na ìyẹ́ lábẹ́ adé jẹ́ ti ológun òfuurufú, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1918.

Èyí tí kì í ṣe ti ológun

Ọlọ́pàá, àwọn afìwéránṣẹ́, aṣọ́bodè, wọ́dà àti òṣìṣẹ́ rélùwéè, gbogbo wọn ni wọ́n wọ bọ́tìnnì tí àmì wà lára rẹ̀. Lẹ́tà tí wọ́n lọ́ mọ́ra wọn sábà máa ń jẹ́ ti rélùwéè: GWR, LMS àti LNER ni ẹ ó máa rí, méjì ìkẹyìn yìí kò sì lè ṣáájú 1923. Ilẹ̀kùn onírin tí ó dà bí àwọ̀n, pẹ̀lú adé lókè, jẹ́ ti àwọn aṣọ́bodè. Èyí tí ó ń tan ènìyàn jù ni ti àwọn ìránṣẹ́ ilé ọlọ́lá. Bí ẹ bá rí ẹranko, ẹyẹ tàbí apá ènìyàn tí ó dúró lórí ọ̀pá kékeré tí ó dà bí okùn tí a lọ́, àmì ìdílé ni yẹn, kì í ṣe ti ẹgbẹ́ ogun.

Àpẹẹrẹ kan

Ká sọ pé ẹ rí bọ́tìnnì eléérú kan ní oko Kent, tí nọ́mbà 44 wà lójú rẹ̀. Píútà ni, nítorí náà kì í ṣe ti ọ̀gá, ó sì ti wà ṣáájú 1855. Ó ní nọ́mbà, nítorí náà kò ṣáájú 1767. Idẹ ni àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ Faransé sábà máa ń wọ̀, nítorí náà ti Gẹ̀ẹ́sì ni ó ṣeé ṣe jù. Rẹ́jímẹ́ntì kẹrìnlélógójì ni, èyí tí wọ́n fún ní orúkọ East Essex ní 1782, tí wọ́n sì so pọ̀ mọ́ ìkẹrìndínlọ́gọ́ta ní 1881 láti di Essex Regiment.

Kí ni bọ́tìnnì Essex wá ń ṣe ní Kent? Àwọn kan yóò sọ lójú ẹsẹ̀ pé ológun kan tí ó ti ogun Waterloo, níbi tí wọ́n ti ṣẹ́gun Napoleon, bọ̀ ni ó já bọ́ lára rẹ̀, nítorí pé rẹ́jímẹ́ntì náà jà níbẹ̀ ní 1815. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí kan wà tí ó rọrùn ju ìyẹn lọ. Kent ni wọ́n ti ń gbin họ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń pọn bíà, àwọn àgbẹ̀ họ́ọ̀pù sì máa ń ra àkísà aṣọ onírun àgùntàn láti fi ṣe ajílẹ̀, nítorí pé bí ó ṣe ń jẹrà ni ó ń bọ́ ilẹ̀. Aṣọ ológun tí ó ti gbó wà nínú àkísà náà. Aṣọ jẹrà, bọ́tìnnì kù. Ìdí nìyí tí oko kan ṣoṣo fi lè ní nọ́mbà rẹ́jímẹ́ntì mẹ́wàá tí kò sí èyíkéyìí nínú wọn tí ó tẹ ibẹ̀ rí. Ẹ kọ rẹ́jímẹ́ntì náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú, ṣùgbọ́n ẹ má kọ ìtàn ogun mọ́ ọn.

Ti ilẹ̀ wa

Ìlànà adé yìí náà ni ẹ ó lò fún bọ́tìnnì tí ó wà nínú àpótí bàbá àgbà tí ó ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá, rélùwéè tàbí ológun nígbà ìjọba amúnisìn. Igi ọ̀pẹ ni àmì West African Frontier Force, àwọn ọmọ ogun tí wọ́n kó láti Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Ọ̀rọ̀ Royal wọ inú orúkọ wọn ní 1928, nítorí náà bí lẹ́tà yí ọ̀pẹ náà ká, ẹ wò ó bóyá W ni ó bẹ̀rẹ̀ tàbí R. Àwọn tí wọ́n lọ sí Burma nínú ìpín ọmọ ogun 81 àti 82 nígbà ogun Hitler wà nínú wọn. Nàìjíríà sì di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò ní ọbabìnrin mọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1963, nítorí náà bọ́tìnnì ìjọba Nàìjíríà tí adé Elizabeth wà lórí rẹ̀ yẹ kí ó bọ́ sí àárín 1953 sí ìgbà náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà tí wọ́n ṣì wà láàyè ní ìdílé kí ẹ tó béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mìíràn.

Àkọsílẹ̀ àti ìpamọ́

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ kọ ohun tí ẹ rí sọ́tọ̀, kí ẹ sì kọ èrò tí ẹ ní nípa rẹ̀ sọ́tọ̀, kí ẹlòmíràn lè tún un yẹ̀ wò. Bí nọ́mbà tàbí orúkọ bá ṣì ń rú yín lójú, National Army Museum wà ní Chelsea ní Lọ́ńdọ̀nù, British Button Society sì ní àwọn tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ẹ̀yìn bọ́tìnnì nìkan. Fọ́tò ojú àti ẹ̀yìn ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kì í ṣe ojú nìkan. Ẹ fi bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá kékeré tirẹ̀ tí a ti lu ihò sí kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́, ẹ má jẹ́ kí píútà àti idẹ máa gbá ara wọn, kí ẹ sì gbé wọn sí ibi gbígbẹ. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i àti déètì sórí káàdì kékeré sínú ọ̀rá náà. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́, nítorí pé yíǹkì máa ń ṣá.